Ta Ló Yẹ Kí A Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ Ní Ọjọ́ Òṣìṣẹ́?

A mọ̀ pé bí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èbìbí bá ti ń súnmọ́ lọ́dọọdún, inú wa máa ń dùn, nítorí pé kò sí lẹ́kíṣọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹlòmíràn yóò sùn títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Ẹlòmíràn yóò fọ aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tí ìwé ti gbà lọ́kàn yóò sá lọ sí yàrá ìkàwé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọjọ́ ti lọ nìyẹn. Bí a bá bi ẹni mẹ́wàá nínú wa pé kí ni wọ́n fún wa ní ọlidé fún, mẹ́sàn-án yóò sọ pé Ọjọ́ Òṣìṣẹ́ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Èrò tiwa ni pé ọjọ́ yìí kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ ju bí a ti rò lọ. Mélòó ni ẹni tó ń fi òógùn ojú ara rẹ̀ nìkan san owó ilé-ìwé nínú wa? Òógùn ojú ẹlòmíràn ni ọ̀pọ̀ wa ń jẹ. Nítorí náà, bí ọjọ́ kan bá wà tó yẹ kí á fi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àwọn ẹbí tó ń ṣe làálàá lórí wa, ọjọ́ yìí ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí à ń wí kì í ṣe ọpẹ́ orí ahọ́n lásán. Ọpẹ́ tó mọ ohun tí òun ń dúpẹ́ fún ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí ọjọ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èbìbí, ọdún 1886, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń béèrè kò ju pé kí iṣẹ́ òòjọ́ wọn má ṣe ju wákàtí mẹ́jọ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, ẹnì kan ju bọ́ǹbù níbi ìpàdé kan ní Haymarket, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Wọ́n kó àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì yẹgi fún mẹ́rin nínú wọn ní 1887, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹ̀rí pé àwọn ni wọ́n ju bọ́ǹbù náà. Ní 1889, ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, tí wọ́n ṣe ní Paris, yan ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Èbìbí kí òṣìṣẹ́ níbi gbogbo lè máa fi béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọlidé tí a fi ń sùn yìí.

Èyí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ló kù. Àwọn kan nínú wa rò pé Èkó ni ọlidé yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Rárá o, Kánò ni. Ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú PRP, nígbà tí Abubakar Rimi ń ṣe gómìnà, ló kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi ní ìpínlẹ̀ Kánò ní 1980. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1981, ni ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ wò ó! Ìlú tí wọ́n ti ń pe àwọn òbí wa ní àlejò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fún òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Àwa tí a dàgbà ní Sábóńgàrì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni ìkẹyìn tí yóò mọ̀ ọ́n.

Ó ṣe tán, iṣẹ́ ló gbé àwọn ìran wa dé Òkè Ọya. Àwọn oníṣòwò Yorùbá ti ń rin ọ̀nà yìí tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀nà irin tó wá láti Èkó pàdé èyí tó lọ sí Kánò ní Minna, ọ̀nà là gan-an. Akọ̀wé wọ ọkọ̀ ojú irin wá, káfíńtà wọ̀ ọ́ wá, télọ̀ wọ̀ ọ́ wá. Àwọn tó ń tún rélùwéè ṣe wá, àwọn ìyá tó ń ta obì sì wá. Ẹni tó bá dé Jos, Kàdúná, Zaria, Gusau tàbí Kánò yóò bá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà àti ọmọ Ìgbómìnà níbẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń gba ẹni tó tẹ̀ lé e sílé. Yàrá kan ṣoṣo lè gba ènìyàn mẹ́fà títí oníkálukú yóò fi rí iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe dá àdúgbò sílẹ̀ nìyẹn, bí wọ́n ṣe dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwa náà ṣe dé ayé.

Iṣẹ́ rélùwéè yìí tún so àwọn bàbá wa mọ́ ìtàn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, owó ọjà gun òkè, owó oṣù kò sì gbéra. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba yan iṣẹ́ lódì, ó sì lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà. Michael Imoudu, ọ̀gá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ni orúkọ rẹ̀ gbòde jù lọ nígbà náà. Kì í ṣe Yorùbá, ọmọ Ora ní ìpínlẹ̀ Ẹdó òde òní ni, ṣùgbọ́n ebi kò mọ ẹ̀yà. Hubert Ògúndé fi ọ̀rọ̀ náà ṣe eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé eré náà dé Jos ní 1946, àwọn aláṣẹ òyìnbó fi òfin dè é, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ìlú Jos yìí náà ni o, kì í ṣe Ìbàdàn. Ìtàn iṣẹ́ àti ìyà àwọn òbí wa kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Níhìn-ín náà ló ti ṣẹlẹ̀.

Ǹjẹ́ ta ni à ń pè ní òṣìṣẹ́? Bí ẹ bá lọ sí pápá ìṣeré ní Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, ẹ ó rí àwọn tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì tí wọ́n ń yan lọ́wọ̀ọ̀wọ́ pẹ̀lú àsíá ẹgbẹ́ wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, a kí wọn. Ṣùgbọ́n níbo ni ìyá tó ń ta èlùbọ́ wà? Níbo ni bàbá tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì wà? Wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi òṣìṣẹ́, nítorí pé ẹni tí kò ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ kò ní ọlidé. Bí wọn kò bá ṣí ṣọ́ọ̀bù, a kò ní rí owó oúnjẹ gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ ìyá wa dáadáa. Kí ìrun àsùbáà tó parí ni ó ti jí. Ó ń ná ọjà ní èdè Haúsá, ó ń ṣírò owó ní èdè Yorùbá, ó sì ń fi méjèèjì bá wa wí. Lójoojúmọ́ ni alájọ ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Nínú owó ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó dá, alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, yóò sì kó ti ọgbọ̀n ọjọ́ tó kù fún un. Owó yẹn ló máa ń di owó ìforúkọsílẹ̀ wa. Kò sí báǹkì kankan tó yá a lówó. Kò sí ẹni tó fún un ní ìsinmi nígbà tó bímọ. Kò sì sí owó ìfẹ̀yìntì tó ń dúró dè é níwájú. Àwa gan-an ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ẹ̀gbọ́n wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ẹnì kan wà tó fi ìwé sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kà á. Ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí iṣẹ́ aṣọ rírán, ó sin ọ̀gá fún ọdún púpọ̀, nígbà tó sì gba fírídọ̀ọ̀mù tán, àbúrò ló kọ́kọ́ jẹ èrè rẹ̀. Àwọn òbí mìíràn rí iná tó jó ṣọ́ọ̀bù wọn nínú rògbòdìyàn Kàdúná ní 2000 tàbí ti Jos ní 2001. Wọ́n tún gbé tábìlì kan síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀. Àdúgbò gbóná, wọn kò gbàgbé pé ọmọ wà nílé-ìwé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ohun kan wà nínú ọgbà yìí tí kò dùn mọ́ wa nínú. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ń fi iṣẹ́ òbí wọn pamọ́. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ ìyá sínú fọ́ọ̀mù, ìyá tó ń ta ata á di oníṣòwò ńlá. Bí bàbá tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù bá gba iwájú ilé-ìwé kọjá, tó fẹ́ yà kí ọmọ rẹ̀, ọmọ á sọ pé kí ó dúró ní géètì. Ẹ gbọ́, ta là ń tàn jẹ? Owó ata náà la fi ra bàtà tí a fi ń yan. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Àwọn baba ńlá wa kò ṣe báyìí. Wọn kò fi iṣẹ́ pamọ́. Inú orúkọ ni wọ́n gbé e sí. Bí ẹ bá gbọ́ Àyàndélé tàbí Àyánkúnlé, ẹ ti mọ̀ pé ilé onílù ni. Bí ẹ bá gbọ́ Ọdẹ́wálé tàbí Ọdẹ́túndé, ẹ mọ̀ pé ọdẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ orúkọ tó ní Ògún nínú ń sọ ti àgbẹ̀dẹ, ti ọdẹ tàbí ti jagunjagun. Nínú oríkì orílẹ̀ náà, ẹ ó gbọ́ ẹni tó ń gbẹ́gi, ẹni tó ń fárí àti ẹni tó ń rọ irin. Lójú wọn, ìdílé àti iṣẹ́ kò yà lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn òbí wa ṣe ní Òkè Ọya kò ì tíì rí orúkọ. A kò tíì gbọ́ ọmọ tó ń jẹ́ Rélùwéèdélé tàbí Tẹlọ̀kúnlé! Ẹ lè rẹ́rìn-ín o, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín. Iṣẹ́ tí kò bá wọ orúkọ, tí kò wọ oríkì, tí kò sì wọ ìwé, ìgbà wo ni ọmọ ọmọ yóò mọ̀ pé ẹnì kan ṣe é?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò wá. Wọ́n á ní Yorùbá kò nílò ọjọ́ tí àwọn òyìnbó yàn kí ó tó mọ ọpẹ́ ẹ́ dá, nítorí pé ojoojúmọ́ là ń dọ̀bálẹ̀, ojoojúmọ́ là ń kúnlẹ̀, a sì ń kí ènìyàn pé ẹ kú iṣẹ́ ní ogún ìgbà lójúmọ́. Òótọ́ ni. Èdè wa lọ́rọ̀ ní ti ìkíni. Ṣùgbọ́n kíkí yàtọ̀ sí mímọ̀. Nínú àwa tí à ń kí bàbá wa pé ẹ kú iṣẹ́, mélòó ló mọ ọdún tó wọ ìlú yìí? Mélòó ló mọ ẹni tó gbà á sílé ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́? Mélòó ló mọ iye tó gbà ní oṣù àkọ́kọ́, tàbí ohun tó kọ́kọ́ fi owó náà rà? Bí a kò bá mọ̀, àṣà nìkan là ń kí.

Àwọn mìíràn á tún sọ pé ọpẹ́ kí ni, nígbà tí ìyà ń jẹ òṣìṣẹ́? Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wo owó oṣù tó kéré jù lọ. Ní 1981, lẹ́yìn tí NLC, tí Hassan Sunmonu jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, kó òṣìṣẹ́ jáde fún ìyanṣẹ́lódì, náírà 125 ni ìjọba fi lélẹ̀. Ó di 18,000 ní 2011, ó di 30,000 ní 2019, ó sì di 70,000 ní 2024. Lójú ẹni tí kò bá ro ó jinlẹ̀, owó ti pọ̀. Ṣùgbọ́n náírà 125 ti 1981 lè ra nǹkan bí igba dọ́là nígbà náà. 70,000 ti 2024 kò ra àádọ́ta dọ́là lọ́dún tó di òfin. Iye ń gòkè, agbára owó ń wálẹ̀. Ìyàtọ̀ yẹn ni àwọn òbí wa ń fi ara wọn dí. Ìdí nìyí tí tíṣà fi ń ta súyà lálẹ́, tí nọ́ọ̀sì fi ń ran aṣọ ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ó yé gbogbo wa kedere pé ìyá àti bàbá wa là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìyà tó ń jẹ wọ́n. Ẹni tó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùndínlógójì kò gbọdọ̀ dákẹ́ bí wọ́n bá jẹ bàbá náà ní owó ìfẹ̀yìntì. Ọpẹ́ tó bá ń pa ẹnu mọ́ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ kì í ṣe ọpẹ́, ìtànjẹ ni. Àwọn tí wọ́n yẹgi fún ní 1887 kò kú kí a lè máa fi ọjọ́ náà yin àwọn tó ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó.

Kí ni kí a wá ṣe? Àbá mẹ́ta ni a ní fún ẹgbẹ́ wa.

Èkíní, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ fi ọlidé yìí bi òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí, kí ó lọ sílé. Ẹni tó jìnnà, fóònù wà. Ìgbà wo lẹ dé ìlú yìí? Ta ló gbà yín? Ta ló kọ́ yín níṣẹ́? Ọjọ́ wo ló le jù fún yín, kí sì ni kò jẹ́ kí ẹ padà sílé? Kí a kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní ojú ìwé kan, ní èdè Yorùbá, àní bí àmì ohùn kò bá tilẹ̀ pé. Àwa tí a kò gbé ilẹ̀ Yorùbá rí yóò ti ibẹ̀ kọ́ èdè pẹ̀lú, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kọ́ni ní Yorùbá tó ẹni tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ wa ronú lórí àwọn tí a ń bu ọlá fún ní Ọ̀sẹ̀ Yorùbá. Lọ́dọọdún là ń pe àwọn olówó àti àwọn olóṣèlú wá sórí àga iwájú, à ń lu ìlù fún wọn, à ń retí kí wọ́n náwó. A kò ní kí a má pè wọ́n mọ́, nítorí a nílò owó. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àga méjì tàbí mẹ́ta wà níwájú fún ìyá elélùbọ́ kan, fún awakọ̀ kan, fún tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Kí ọmọ wọn dìde, kí ó ka ìtàn iṣẹ́ wọn sétí gbogbo èrò, kí onílù sì lùlù fún wọn bí ó ṣe ń lù fún ọlọ́rọ̀. Kò ní ná wa ju ọkọ̀ tí yóò gbé wọn wá àti oúnjẹ tí wọn yóò jẹ lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ọpẹ́ wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nítòsí. Àwọn tó ń gbá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn tó ń ṣọ́ géètì lóru, àwọn tó ń se oúnjẹ fún wa ní búkà, òbí ẹnì kan ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a mọ orúkọ wọn, kí a kí wọn ní èdè tiwọn, kí a sì san gbèsè búkà kí ìdánwò tó parí! Lọ́la, nígbà tí àwa náà bá di ọ̀gá, kí a rántí pé owó oṣù tí a bá dá dúró, owó ilé-ìwé ọmọ kan ni.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. A kò fẹ́ di ọlọ́ṣà nínú ilé bàbá wa. Òkè Ọya la bí púpọ̀ nínú wa sí, ibẹ̀ sì ni òógùn àwọn òbí wa ti kán sílẹ̀. Bí àwa tí a mọ̀wé kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ fún wa.

A kí gbogbo òṣìṣẹ́, èyí tó ní lẹ́tà àti èyí tí kò ní.